Ìbáwí Tó Dé Lẹ́yìn Ìdáríjì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ìwé Hébérù orí 12, láti ẹsẹ 4 títí dé 11, ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Inú mi dùn pé ibẹ̀ lẹ yàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọsẹ̀ nígbà tí ìṣòro bá dé. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ onígbàgbọ́ kan, bí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀, bí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá jóná, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá kí i. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, kó wá sí ìṣọ́ òru, kó gbààwẹ̀, kó dá a padà sí olówó rẹ̀. Àwọn mìíràn á rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú o, ẹ yẹ ara yín wò. Ó lè ní ohun tí ẹ ṣe." Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á wá máa rò ó lóru pé ọ̀kan nínú méjèèjì ló máa jẹ́: yálà Ọlọ́run ń bínú sí òun, tàbí Ó ti yọwọ́ lọ́rọ̀ òun kí ọ̀tá lè rí òun mú. Ìwé Hébérù ní ohun mìíràn láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tí a kọ ìwé yìí sí. Orí 10 sọ ìtàn wọn díẹ̀ fún wa. A ti fi wọ́n ṣe ìran wò ní gbangba. A ti kó wọn lẹ́rù lọ. Àwọn ará wọn kan wà lẹ́wọ̀n, àwọn náà sì ń bá wọn pín nínú ìyà náà. Ní orí 12 ẹsẹ 4, ó ní ọ̀rọ̀ wọn kò tíì dójú ẹ̀jẹ̀. Ìyà tó ń jẹ wọ́n yìí, ọwọ́ ọmọ aráyé ló ti wá. Àwọn tó kórìíra orúkọ Jésù ló ṣe é. Síbẹ̀, ẹni tó kọ̀wé sí wọn kò wá ẹ̀ṣẹ̀ kankan kọ́ wọn lọ́rùn pé òun ló fa inúnibíni, kò sì fi gbogbo ọ̀rọ̀ náà lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ìwé Òwe orí 3 ló ṣí fún wọn: "Nítorí pé ẹni tí Olúwa fẹ́, òun ni í bá wí."

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣe níbẹ̀? Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni. Ẹni tó kó wọn lẹ́rù ní ohun tó ń wá, ó fẹ́ kí wọ́n sẹ́ Jésù. Baba wọn náà ní ohun tó ń wá nínú rẹ̀, ẹsẹ 10 sì sọ ọ́ kedere: kí àwa lè ṣe alábàápín ìwà mímọ́ Rẹ̀. Jósẹ́fù ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Íjíbítì tipẹ́tipẹ́, pé ibi ni wọ́n gbèrò sí òun, ṣùgbọ́n rere ni Ọlọ́run gbèrò. Nítorí náà, ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa, pé ṣé ọ̀tá ni àbí Ọlọ́run, kì í fi ìgbà gbogbo ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ọwọ́ ọ̀tá lè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kí ọwọ́ Baba sì wà lókè tirẹ̀.

Ẹsẹ 8 ló máa ń dun àwọn èèyàn. Ó ní bí a bá wà láìsí ìbáwí, a jẹ́ pé ọmọ àlè ni wá, a kì í ṣe ọmọ. Ọ̀rọ̀ líle ni, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ìyá kan tó jáde síta nírọ̀lẹ́, tó bá ọmọ márùn-ún nídìí máńgòrò aládùúgbò, tí wọ́n ń sọ òkúta sí i, tí òkúta kan sì ti ba páànù onílé. Ó lè jágbe mọ́ gbogbo wọn. Àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo ni yóò dì mú lọ́wọ́, tí yóò mú wọlé, tí yóò jókòó tì, tí yóò bi léèrè ohun tó gbé e débẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù á máa bá eré wọn lọ. Bí ọmọ tí wọ́n mú wọlé bá ń sunkún pé ìyá òun kò fẹ́ràn òun, ẹ̀yin àgbà tó ń wò ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń da ara rẹ̀ láàmú lórí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹsẹ 8 ń sọ nìyẹn.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Dáfídì, nítorí kò sí ibi tí mo ti rí ìbáwí Ọlọ́run kedere tó bẹ́ẹ̀ nínú Májẹ̀mú Láéláé, àti nítorí pé a máa ń yára kà á kọjá.

Ẹ mọ ohun tó ṣe. Ìgbà tí àwọn ọba ń lọ sógun, ó jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Ó gba Bátíṣébà, ìyàwó Ùráyà. Ùráyà yìí kì í ṣe ará ìta sí i o: ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 23 to orúkọ àwọn akọni Dáfídì, 37 ni wọ́n, Ùráyà ará Hítì ló kẹ́yìn wọn. Nígbà tí oyún dé, tí ọgbọ́n tó dá kò ṣiṣẹ́, ó kọ ìwé sí Jóábù, olórí ogun rẹ̀, pé kí wọ́n fi Ùráyà síwájú níbi tí ogun ti gbóná, kí wọ́n sì sá padà lẹ́yìn rẹ̀. Ùráyà fúnra rẹ̀ ni ó fi ìwé náà rán. Ọkùnrin náà gbé ìwé ikú ara rẹ̀ lọ sójú ogun, kò sì mọ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Wọ́n ti bí ọmọ náà kí wòlíì Nátánì tó dé. Dáfídì ń jókòó lórí ìtẹ́, ó ń dá ẹjọ́ ọlọ́jọ́, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Àmọ́ Sáàmù 32, tí orúkọ Dáfídì wà lórí rẹ̀, jẹ́ kí a mọ bí inú ẹni tó dákẹ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń rí: egungun rẹ̀ ń gbó, ó ń kérora láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ Olúwa wúwo lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, omi ara rẹ̀ gbẹ bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbáwí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan lójúde. Mo máa ń rò pé inú rere Ọlọ́run ni pé Kò jẹ́ kí ọmọ Rẹ̀ lè sun oorun àsùnwọra nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ń dá tí ara wa balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà ni Ọlọ́run rán Nátánì. Ó pa ìtàn ọlọ́rọ̀ kan fún ọba, pé ó gba àgùntàn kan ṣoṣo tí tálákà ní, ó sì pa á ṣàlejò. Inú bí Dáfídì, ó ní ikú tọ́ sí ọkùnrin náà. Nátánì dá a lóhùn pé, "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Dáfídì kò jiyàn, kò di ẹ̀bi ru Bátíṣébà, kò ní kí wọ́n mú wòlíì náà. Ó ní òun ti ṣẹ̀ sí Olúwa. Ẹ wá gbọ́ èsì Nátánì lójú ẹsẹ̀: "Olúwa pẹ̀lú sì ti mú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ kúrò, ìwọ kì yóò kú."

Ẹ dúró lórí ẹsẹ 13 yìí, nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 12, kí ẹ tó ṣí ojú ìwé. Lábẹ́ Òfin, ikú ni èrè panṣágà, ikú ni èrè ìpànìyàn, Númérì orí 35 sì ní kí wọ́n má ṣe gba owó ìtánràn lórí ẹ̀mí apànìyàn. Kò sí ẹbọ tí Dáfídì lè rú. Síbẹ̀ a dárí jì í. Ẹ̀yìn tí a ti dárí jì í tán ni ẹsẹ 14 wá sọ pé ọmọ náà yóò kú, nítorí pé ìwà rẹ̀ ti fún àwọn ọ̀tá Olúwa láyè láti sọ̀rọ̀ òdì. Bí ìyà yẹn bá jẹ́ owó tí Dáfídì fi san gbèsè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ṣe ló yẹ kí ìyà ṣáájú, kí ìdáríjì tẹ̀ lé e, bí ẹlẹ́wọ̀n tó lo ọjọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ló ṣáájú. Àìsáyà ti ní ìnà àlàáfíà wa wà lára Ẹlòmíràn. Nígbà tí Jésù wí lórí igi pé ó parí, kò ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ rẹ tàbí iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ láti bá a san. Ẹni tó wà nínú Kristi tó ń sọ pé "ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe mi ni mo ń san yìí" ń gbé ẹrù tí Ọlọ́run kò gbé lé e. Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí.

Èmi kò ní ṣe bí ẹni pé ikú ọmọ náà kò nira fún mi láti kà. Ọmọ náà kò ṣẹ̀. Dáfídì sùn sórí ilẹ̀ gbalasa, ó gbààwẹ̀, ó kọ̀ láti dìde nígbà tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ fẹ́ gbé e sókè. Ní ọjọ́ keje, ó rí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ti yé e. Ó dìde, ó wẹ̀, ó fi òróró para, ó pààrọ̀ aṣọ, ó wọ ilé Olúwa lọ jọ́sìn, kó tó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ohun kan dá mi lójú nínú ìtàn yìí: Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló rán Nátánì, Ó sì sọ ìdí fún un. Kò sí olùṣọ́-àgùntàn, kò sí wòólì, kò sí ìyá ìjọ kankan lónìí tó lè mú orí yìí lọ síwájú ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, kó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló pa ọmọ náà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán an.

Ọdún pọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, idà tí Nátánì sọ pé kò ní kúrò nílé Dáfídì yọ jáde nínú Ábúsálómù ọmọ rẹ̀, tó dìtẹ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba sá kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Ó ń gun òkè Ólífì lọ láìwọ bàtà, ó bo orí, ó ń sunkún. Sádókù àlùfáà gbé àpótí ẹ̀rí tẹ̀ lé e, Dáfídì ní kó gbé e padà sílùú. Bí òun bá rí ojú rere Olúwa, Yóò mú òun padà wá rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Olúwa ṣe òun bó ti tọ́ lójú Rẹ̀. Ní Báhúrímù, Ṣíméì láti ìdílé Sọ́ọ̀lù jáde sí i, ó ń ṣépè, ó ń sọ òkúta, ó ń da erùpẹ̀ lù ú. Ábíṣáì, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun Dáfídì, ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bẹ́ orí rẹ̀. Ẹ rántí pé ọba yìí kan náà ni ikú èèyàn kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ nígbà tó kọ̀wé sí Jóábù. Nísinsìnyí, ó ní kí wọ́n fi Ṣíméì sílẹ̀. Ó ní bóyá Olúwa yóò wo ìpọ́njú òun, kí Ó sì fi ire san án fún òun dípò èpè ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ibí yìí ni èso tí Hébérù 12 ẹsẹ 11 sọ ti hàn: "nígbẹ̀yìn a so èso àlàáfíà fún àwọn tí a ti tọ́ nípa rẹ̀, àní èso òdodo." Ọwọ́ tó pa Ùráyà ló dá Ábíṣáì dúró yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó káwọ́ gbera. Lórí òkè yẹn kan náà ló ti gbọ́ pé Áhítófẹ́lì, agbani-nímọ̀ràn rẹ̀, ti bá Ábúsálómù lọ. (Ọ̀pọ̀ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì gbà pé bàbá àgbà Bátíṣébà ni Áhítófẹ́lì yìí, nítorí orúkọ Élíámù tó wà ní orí 11 àti orí 23. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́sí ló tún padà wá bá a lójú ọ̀nà.) Dáfídì gbàdúrà pé kí Olúwa sọ ìmọ̀ràn rẹ̀ di asán, ó sì rán Húṣáì ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sí ààfin láti lọ da ìmọ̀ràn náà rú. Ó gba ìbáwí, ó gbàdúrà, ó sì lo ọgbọ́n, lọ́jọ́ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ìbáwí ló ní ẹ̀ṣẹ̀ nídìí. Diutarónómì orí 8 ní Ọlọ́run mú Ísírẹ́lì rin aginjù fún 40 ọdún, Ó jẹ́ kí ebi pa wọ́n, Ó sì fi mánà bọ́ wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ nìkan ló ń mú èèyàn wà láàyè. Lóòótọ́, àìgbàgbọ́ wọn ló sọ ọ́ di 40 ọdún, àmọ́ ebi àti mánà ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kọ̀ láti wọ Kénáánì. Láàárín gbogbo rẹ̀, aṣọ kò gbó mọ́ wọn lára, ẹsẹ̀ wọn kò sì wú. Ẹni tó ń tọ́ wọn ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ti Pọ́ọ̀lù tún yàtọ̀: a fi ẹ̀gún sí i lára kó má baà gbéra ga nítorí ìfihàn tó rí. Ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó kúrò, kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Ẹ̀gún náà ṣáájú ẹ̀ṣẹ̀ tó fẹ́ dènà. Jésù fúnra Rẹ̀, tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀, Hébérù 5 ní Ó fi ohun tó jìyà kọ́ ìgbọràn.

Èyí ló fi yẹ kí a ṣọ́ ẹnu wa. A ní àwọn òbí nínú ìjọ wa tí ọmọ wọn ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Tọkọtaya tí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, fún onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́. Síbẹ̀ mo mọ àwọn ìyá tí wọ́n ti fi ìbéèrè dá lágara: oyún wo lo ṣẹ́ nígbà èwe rẹ, ta lo gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Jésù ní irú ìbéèrè yẹn nípa afọ́jú nínú Jòhánù 9, pé ta ló ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa èèyàn 18, Ó ní wọn kò burú ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù tó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fa ìyà rẹ̀, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí ní orí 42, Jóòbù ló sì gbàdúrà fún wọn. Èmi lè bi ara mi léèrè pé kí ni Baba mi ń kọ́ mi. N kò ní àṣẹ láti dá a lóhùn fún ẹlòmíràn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí ọ̀rọ̀ "bàbá" àti "ìbáwí" kì í bá wọn lára mu rárá. Bàbá tó mutí dé lóru tó jí ọmọ dìde láti nà án, ìyá tó fi iná jó ọmọ lọ́wọ́ nítorí ẹran inú ọbẹ̀, ìyẹn kọ́ ni Bíbélì fi wé Ọlọ́run. Hébérù 12 fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn bàbá wa nípa ti ara tọ́ wa bó ṣe dára lójú wọn. Baba wa ọ̀run ń ṣe é fún èrè wa. Ìwé Ẹkún Jeremáyà, tí wọ́n kọ nígbà tí Jerúsálẹ́mù ti di àlàpà, sọ ní orí 3 pé kì í ṣe láti ọkàn Rẹ̀ wá ni Ó ń pọ́n ọmọ èèyàn lójú. Bí ìbáwí tí wọ́n fi tọ́ ọ bá ti bà ọ́ nínú jẹ́, o lè sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run. Kò ní bínú.

Àṣìṣe kejì tún wà, ti àwọn òbí tí kì í bá ọmọ wí rárá. Dáfídì yìí kan náà, nígbà tí Ámínónì ọmọ rẹ̀ fipá bá Támárì, arábìnrin Ábúsálómù, lò, Bíbélì ní inú bí i gidigidi. A kò rí ohunkóhun tó ṣe sí i. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ábúsálómù pa Ámínónì. Nígbà tó darúgbó tán, tí Ádóníjà gbéra láti jẹ ọba, ìwé Àwọn Ọba Kìíní sọ pé bàbá rẹ̀ kò bà á nínú jẹ́ rí nípa bíbi í pé, kí ló dé tí o fi ṣe báyìí? Ẹni tí Ọlọ́run fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí Ó fi rán wòlíì sí i kò bi ọmọ tirẹ̀ ní ìbéèrè kan. Ẹ̀yin òbí, ó yẹ kí ẹsẹ yẹn dùn wá. Kì í ṣe kòbókò ló ṣaláìní níbẹ̀. Ìbéèrè ló ṣaláìní.

Kí n tó jókòó, arábìnrin kan bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé báwo ni òun ṣe máa mọ̀ bóyá ìbáwí ni ohun tó dé bá òun. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí o kọ ohun kan sílẹ̀, kò ní fi í pa mọ́ fún ọ. Nátánì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ Dáfídì, ó dárúkọ Ùráyà. Ẹ̀sùn tí kò lórúkọ, tó kàn ń sọ fún ọ lóru pé èèyàn burúkú ni ọ́, tí kò sọ ibi tí o ti ṣẹ̀, má fetí sí i. Ka Sáàmù 139, bẹ Olúwa pé kó wá inú rẹ wò. Bí Ó bá fi nǹkan hàn ọ́, jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà; bí owó ẹlòmíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà. Bí Kò bá fi nǹkan kan hàn ọ́, dáwọ́ dúró, má máa walẹ̀ kiri nínú ara rẹ. Lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n ní kí o lọ, lo oògùn rẹ, jẹ́ kí agbẹjọ́rò rẹ lọ sí kóòtù, ní kí àwọn ará wá bá ọ gbàdúrà. Húṣáì ti wọ Jerúsálẹ́mù kí Ṣíméì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkúta.